Lẹ́tà Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kan Yó, Tí Èkejì Ń Gbààwẹ̀

Àpótí mi ní pápákọ̀

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀sán Ọjọ́rú, ni ọlọ́pàá kan nawọ́ sí àpótí mi ní pápákọ̀ òfurufú Libreville. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: èmi, ọlọ́pàá náà, àti obìnrin kan tó ń gbálẹ̀, tó gbé ìgbálẹ̀ tì láti wá wòran.

Àpótí náà gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, mo sì kùn ún ní dúdú. Pákó ni. Inú rẹ̀ ni mo ń kó búrọ́ọ̀ṣì sí, pẹ̀lú ọ̀pá tí mo ń gbé ọwọ́ lé bí mo bá ń kọ síńbọ́ọ̀dù, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Orúkọ mi, SULEMANU, wà lórí ìdérí rẹ̀ ní lẹ́tà funfun. Irú lẹ́tà tí ọ̀gá mi kọ́ mi ní Òṣogbo ni. Mo ti mọ̀ ọ́n yà dáadáa kí n tó lọ sílé ìwé alẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á, n kò sì fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀ rí.

Kí ẹ̀yin ará ilé lè mọ èyí tí mo ń wí, ẹ wo A. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún sanra bí ọmọ odó. Àwọn méjèèjì wá wọ bàtà pẹlẹbẹ nísàlẹ̀. Bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn: ibì kan tóbi gbàǹgbà, ibì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Lẹ́tà tí à ń wò láti òdìkejì títì ni, kì í ṣe ti inú ìwé. Rábì ìyàwó mi máa ń sọ pé ẹsẹ̀ kan yó, ẹsẹ̀ kan ń gbààwẹ̀. Á ní, "Bàbá Múrí, ìgbà wo lẹ máa jẹ́ kí ẹsẹ̀ yìí ṣínu?" N kì í dá a lóhùn. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti di ọdún kejì tí Rábì ti kú.

Ọlọ́pàá náà wo àpótí. Ó wo orúkọ. Ó wo ojú mi. Obìnrin onígbàálẹ̀ fi ọwọ́ kan iwájú orí, ó fi kan àyà, ó fi kan èjìká méjèèjì. Ọlọ́pàá kò tiẹ̀ ṣí àpótí mọ́. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó sọ gbólóhùn Faransé kan jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì ní kí n máa lọ.

Mo ní nínú ọkàn mi pé ìlú tó mọyì iṣẹ́ ọwọ́ rèé.

Fèrè

Làmídì, àbúrò ìyàwó mi, ló wá pàdé mi. Àlájì ni gbogbo ènìyàn ń pè é níbẹ̀. Aṣọ ló ń tà. Ó ti pẹ́ ní Gabon débi pé Faransé ló fi ń bínú, Yorùbá ló fi ń bẹ̀bẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti taksí Libreville, torí ó bá ara mi mu. Ọkọ̀ yóò rọra yọ sí iwájú rẹ. Ìwọ yóò tẹ̀ síwájú, wàá sọ ibi tí ò ń lọ àti ohun tí o máa san. Awakọ̀ kò ní wò ọ́. Tó bá gbà, á tẹ fèrè. Tí kò bá gbà, á lọ. Kò sí àlàyé, kò sí "ẹ fi nǹkan sí i," kò sí "ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ wo ọ̀nà." Làmídì ní PK12, àdúgbò tó ń gbé, là ń lọ. Ọ̀kan lọ. Òmíràn lọ. A dúró títí ọ̀kan fi tẹ fèrè, inú mi sì dùn bí ẹni pé wọ́n yìn mí. Bí wọ́n bá ń fi fèrè dáhùn ní Òṣogbo, wọn ò bá má pè mí ní onígbéraga.

Ọmọ Làmídì obìnrin, Àíṣá, ti se oúnjẹ sílẹ̀. Libreville ni wọ́n bí i sí. Ó fi orúnkún kan ṣoṣo kúnlẹ̀ kí mi, bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Ó pè mí ní Tonton, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá níbẹ̀.

"Tonton, o káàbọ̀. Ṣé ebi ń pa ẹ́?"

Bàbá rẹ̀ pariwo. "Ẹ káàbọ̀! Ṣé ebi ń pa yín! Àgbà ni wọ́n!"

Àíṣá wo ẹ̀yìn mi. "Papa, ṣé wọ́n pọ̀ ni?"

Mo ní kó fi ọmọ náà sílẹ̀. Láti ọdún kejì yìí, n kò pọ̀ mọ́ lóòótọ́.

Ohun tí a jẹ ni ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi ewé wé ní gígùn bí ọ̀pá. Ó le díẹ̀, ó sì kan lẹ́nu, ènìyàn gbọ́dọ̀ fọkàn sí i. Ọbẹ̀ rẹ̀ dúdú, wọ́n ń pè é ní odíkà. Mo tọ́ ọ wò. Mo tún tọ́ ọ wò. Mo ní, "Àlájì, àpọ̀n kọ́ nìyí?" Ó rẹ́rìn-ín. Àpọ̀n ni. Wọ́n ti yan án, wọ́n sì ti gún un, títí ó fi gbàgbé yíyọ̀. Mo wo ọbẹ̀, mo wo Àíṣá. Àwọn méjèèjì jẹ́ tiwa, àmọ́ wọ́n ti gba ọ̀nà ibòmíràn wá sílé.

Pátákó funfun

Lọ́jọ́ kejì ni Làmídì mú mi lọ wo ohun tó torí ẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ṣọ́ọ̀bù tuntun ni, lẹ́bàá títì. Aṣọ ìgbéyàwó ni yóò máa tà níbẹ̀, Sátidé ni yóò sì ṣí i. Ó ti gbé pátákó funfun kan sókè ẹnu ọ̀nà. Lábẹ́ pátákó ni ó gbé fọ́tò Rábì kọ́ sí, ó fi léèsì funfun yí i ká.

"Ẹ̀gbọ́n, orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ fi sọ ṣọ́ọ̀bù. Òun ló pọ̀n mí."

Àíṣá nà fóònù rẹ̀ sí mi. "Tonton, wò ó. Lẹ́tà ẹ wà nínú kọ̀ǹpútà."

Òótọ́ ni. Gbogbo wọn wà níbẹ̀ láti A dé Z, ẹsẹ̀ kan yó, ẹsẹ̀ kan ń gbààwẹ̀.

"Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Mo lè tẹ̀ ẹ́ sára báńà oníròbà lọ́sàn-án kan."

Làmídì ní, "Ẹ̀rọ lè kọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí. Mo ti kọ orúkọ onírúurú ènìyàn sí iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Rábì kò ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan àfi ní ẹnu wa. Ohun tí mo torí rẹ̀ wá sí Libreville nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí orúkọ ìyàwó mi dúró níbì kan láti ọwọ́ mi.

Làmídì gba Owendo lọ, lọ kó ẹrù léèsì rẹ̀ ní èbúté. Àíṣá bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi, tó dúdú látòkè délẹ̀ kí ọ̀dà má baà hàn lára rẹ̀. Mo gun àkàbà, mo kọ ẹ̀yìn sí títì, mo sì bẹ̀rẹ̀. RABIATU. Ọ̀dà dúdú lórí funfun. N kò yára. Nígbà tí mo parí, mo fi ìdajì pátákó tó kù nísàlẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kọ "aṣọ ìgbéyàwó" sí ní Faransé, bí Àíṣá bá ti bá mi ya bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró sábẹ́ fọ́tò, mo ń nu búrọ́ọ̀ṣì.

Àwọn ènìyàn oníwà rere

N kò rí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ìlú wa, bí o bá parí síńbọ́ọ̀dù, ẹni àkọ́kọ́ tó máa dé yóò bi ọ́ bóyá kò wọ́ sápá kan. Ní PK12, bàbá àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ dé. Ó ṣí fìlà. Ó wo pátákó, ó wo èmi, ó tẹrí ba, ó sì lọ. Onítaksí kan dúró, ó pa rédíò ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin méjì wá, wọ́n di ọwọ́ mi mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn wọn rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní "Mẹ̀sí," ìyẹn ẹ ṣé, torí òun nìkan ni Faransé tí mo mọ̀. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n mi orí bí ẹni tó rí akọni.

Maman Clarisse, tó ń yan ẹja tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, gbé àga oníke kan wá, ó tẹ̀ mí jókòó. Ó gbé òmíràn wá. Àwọn ènìyàn ń gbé tiwọn wá. Wọ́n tò wọ́n ní ìlà, gbogbo rẹ̀ kọjú sí pátákó. Àwọn ọkùnrin kan na àtíbàbà. Ẹnì kan fi àwo ẹja lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì ń wo ẹnu mi títí mo fi jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ará ilé, ara mi wú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí wọ́n ti gbé àga sílẹ̀ láti wò ó. Mo gbìyànjú kí n má ṣe fáàrí. Mo kàn gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀.

Obìnrin kan ní ìlà iwájú wá bú sẹ́kún. Mo tẹ̀lé ojú rẹ̀. R ló ń wò. Mo mọ̀ pé R náà dára, àmọ́ kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó wá jà

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kúkúrú kan ti sọdá títì, ìyẹ̀fun pákó wà nínú irun rẹ̀, ó sì ń sọ Yorùbá. Nàgó ni, ọmọ Kétu ní Benin. Fàráńsúwà lorúkọ rẹ̀, káfíńtà sì ni.

"Ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bojú wẹ̀yìn?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Ní òdìkejì títì gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Pákó funfun, lẹ́tà dúdú, ẹsẹ̀ kan yó, ẹsẹ̀ kan ń gbààwẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi pósí ti ògiri, ńlá, kékeré, aláwọ̀ ìrẹsì.

Ó ní, "PK12 ò gba oníṣòwò pósí méjì. Kí n sọ òótọ́ fún yín, àwọn tó ń kú níbí ò tó èmi nìkan."

"Aṣọ ìgbéyàwó la fẹ́ tà."

Ó wo pátákó. Ó wo fọ́tò Rábì nínú léèsì rẹ̀. Ó wo aṣọ mi. Ó wo àga, àtíbàbà, àti obìnrin tó ń sunkún. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé ojú rẹ̀, gbogbo ìlà iwájú sì gbà pé ẹkún ni.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ṣàlàyé. Ní àdúgbò yẹn, lẹ́tà òkú ni. Òun ni wọ́n ń kọ sára ìwé ìkéde òkú, sára pósí, sára àgbélébùú. Kò sẹ́ni tó ń fi í ṣe nǹkan mìíràn.

"Ìdajì tí ẹ fi sílẹ̀ lófìfo nísàlẹ̀ yẹn ńkọ́? Ohun tí wọ́n jókòó dè nìyẹn. Wọ́n ń dúró kí ẹ wá kọ ọjọ́ ìsìnkú."

Mo gbé àwo ẹja kalẹ̀. Mo rántí ọlọ́pàá. Mo rántí onígbàálẹ̀. Fàráńsúwà pàápàá ti rí àpótí mi nílẹ̀.

"Áà. Ẹ ti kọ tiyín sílẹ̀ ṣáájú. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn." Ó súnmọ́ pátákó, ó dẹ́kun ẹ̀rín. "Àmọ́ R yín yìí, ẹ̀gbọ́n, ó ju tèmi lọ. Ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tèmi máa ń gbọ̀n. Bí àwọn oníyàwó bá lé yín, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Àwọn oníbàárà tèmi kì í ṣàròyé."

Mo ní kó bá mi sọ fún Maman Clarisse pé kò sẹ́ni tó kú, àṣìṣe ni. Ó sọ fún un. Clarisse ronú, ó bi í léèrè, Fàráńsúwà sì yí i sí Yorùbá fún mi.

"Ó ní, obìnrin inú fọ́tò yìí, ṣé ó wà láàyè?"

"Rárá. Ó ti kú."

"Ó ní, kí ni ó jẹ́ sí yín?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ó ní, kí wá ni àwọn ṣì?"

Mo jókòó padà.

Àlájì dé

Làmídì ti Owendo dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún léèsì, Àíṣá tó gbé níbi iṣẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí àtíbàbà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fò sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró tán.

"Ẹ̀gbọ́n! Ta ló kú?"

"Rábì."

"Rábì ti kú tẹ́lẹ̀!"

"Òun náà ni."

Fàráńsúwà ló bá a ṣàlàyé. Làmídì bọ́ sí Faransé, mo sì mọ̀ pé inú ti ń bí i. Ìgbà tó padà sí Yorùbá, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó wo ló máa wọ ibí wá ra aṣọ? Sátidé la ó ṣí. Gbogbo ohun tí mo ní ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Kí pátákó yìí wálẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Àíṣá, bá mi tẹ báńà oníròbà. Lẹ́tà gbọọrọ, tí kò ní ẹsẹ̀ rárá."

Ó jàre. Mo kó búrọ́ọ̀ṣì mi jọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n sínú àpótí.

Bíbọ́ aṣọ dúdú

Maman Clarisse ti ń wò wá. Ó bá Fàráńsúwà sọ̀rọ̀, ó nàka sí aṣọ mi. Fàráńsúwà ní ohun tó ń bèèrè ni pé, ta ló máa bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ lára ọkùnrin yìí? Lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn ẹbí ìyàwó ló ń bọ́ dúdú kúrò lára opó, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí wọ́n á sì jẹun, tí wọ́n á jó. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ìsinmi fún alààyè, kò sì sí fún òkú.

Làmídì ní, "Mùsùlùmí ni wá. A ti ṣe àdúà ogójì ọjọ́. Aṣọ iṣẹ́ sì ni aṣọ yẹn!"

"Ó ní, ṣé ó dúdú tàbí kò dúdú?"

"Ó dúdú, ṣùgbọ́n..."

"Ó ní, ta ni ẹbí ìyàwó níbí?"

Gbogbo àga kọjú sí Àlájì.

"Ó ní, ẹja ti jinná. Ta ló fẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀?"

Làmídì wo àwọn obìnrin tó jókòó ní ìlà. Oníṣòwò ni. Ó rí i pé kò sí èyí tí kò tó ẹni tó ní ọmọ tí yóò lọ́kọ. Ó tọ̀ mí wá, ó fi ojú oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnì mi. Nígbà tó dé àárín, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹlòmíràn má baà gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ tọ́jú rẹ̀ fún wa."

"Mo gbọ́," mo ní.

Aṣọ náà kúrò lára mi. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ihò kan níbi ìdodo gan-an, ìlà iwájú sì bú sẹ́rìn-ín. Àíṣá sáré mú ìpele léèsì kan nínú ọkọ̀, olómi ọsàn, tó ń dán bí oòrùn ọ̀sán gangan, ó fi wé mi láti èjìká dé ilẹ̀. Ó ní, "Tonton, o rẹwà," bàbá rẹ̀ kò sì rántí bá a wí. Bí ẹni àkọ́kọ́ tó wọ aṣọ ìyàwó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ṣe di èmi nìyẹn. Maman Clarisse fi àtàǹpàkò àti ìka kan pa etí léèsì náà wò, ó kọjú sí Àlájì, ó bi í ní ìbéèrè kan. Èyí kò nílò ògbufọ̀. Ọjà ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ó tó lọ, ó wo òkè. Fàráńsúwà yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa.

"Ó ní, wọ́n ti bọ́ dúdú lára ọkọ. Ìyàwó ṣì wọ tirẹ̀."

Làmídì wo pátákó náà pẹ́. Mo dúró nínú léèsì olómi ọsàn, n kò bẹ̀ ẹ́, torí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó rìn lọ sí ibi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì tẹ fèrè, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ra ọ̀dà pupa, mo gun àkàbà. Fàráńsúwà dúró sí òdìkejì títì, ó ń wò mí láàárín àwọn pósí rẹ̀. Mo fi pupa bo dúdú, láti R títí dé U, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tún un kùn. Lẹ́yìn náà mo padà sí A àkọ́kọ́. Ọ̀gá mi ní ẹsẹ̀ òsì A kò gbọdọ̀ ju òwú lọ láé. Mo ri búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà, mo sì jẹ́ kó ṣínu.